Alárenà Kò Gbọdọ̀ Di Olórí Ẹbí: Ohun Tí Oloumi Ń Sọ fún Nàìjíríà

Oloumi jẹ́ àdúgbò ilé iṣẹ́ ní Libreville, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gàbọ́n. Ilé ìkẹ́rùsí wà níbẹ̀, àwọn mẹkáníìkì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ìkọ́lé àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò sì kéré. Èbúté Owendo, tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù, kò jìnnà sí i. Ẹni tó bá wo ẹrù tó ń ti èbúté náà wọ ìgboro yóò rí ọ̀dà, ike, ajílẹ̀, òògùn òyìnbó àti epo ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá wo èyí tó ń jáde lọ yóò rí màńgáníìsì àti pákó. Igbó bo ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ilẹ̀ Gàbọ́n lọ. Epo rọ̀bì wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ àti lábẹ́ òkun rẹ̀. Orílẹ̀-èdè náà sì wà lára àwọn tó ń wa màńgáníìsì jù lọ lágbàáyé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń fi irú àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe, òkè òkun ni Oloumi ti ń rà á padà. Ọmọ Nàìjíríà tó bá mọ Àpápá kò nílò ìtumọ̀ púpọ̀ lórí èyí.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Benin ti ń ṣòwò ní Libreville, Yorùbá sì wà lára wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Gàbọ́n kéde pé àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan ti di ti ọmọ onílẹ̀ nìkan: òwò wẹ́wẹ́, títún fóònù ṣe, irun ṣíṣe àti irú wọn. Ìjọba tó bá ní ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà náà kò sì ṣàjèjì sí i. Ohun tó yẹ kó ká àwọn olóṣèlú Àbújá lára ni bí okùn tó so orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀ ṣe tín-ín-rín tó. Bí gbogbo àjọṣe bá dá lórí ẹni tó ń ta fóònù àti ẹni tó ń di irun, bébà kan ṣoṣo láti ilé ìjọba ti tó láti já a. Okùn tó nípọn ju èyí lọ wà, kò sì tíì sí ẹni tó fọwọ́ pàtàkì mú un: kí àwọn yunifásítì orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ máa ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń dun àwọn méjèèjì.

Nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, ẹ̀ka kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Òun ni ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ lórí èròjà tí wọ́n ń pè ní kátálíìsì. Èdè Yorùbá ti ní àpèjúwe rẹ̀ tipẹ́tipẹ́: alárenà ni. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan lè máa gbé àdúgbò kan náà fún ọdún mẹ́wàá láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Alárenà dé, ó mú ọ̀rọ̀ lọ, ó mú èsì bọ̀, ìgbéyàwó sì wáyé. Nígbà tí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn tán, alárenà a yẹ̀bá, a sì lọ bá ẹlòmíràn ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kátálíìsì ṣe rí. Ó ń mú kí àwọn èròjà tí ìbá pẹ́ kí wọ́n tó dà pọ̀, tàbí tí ìbá gba iná ńláńlá, dà pọ̀ kíákíá. Nígbà tí wọ́n bá sì ti di ohun tuntun tán, òun fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ṣeé lò fún òmíràn.

Ìdí tí àwọn onímọ̀ fi ń so ẹ̀ka yìí mọ́ ìtọ́jú àyíká kò le láti lóye. Iṣẹ́ tó bá ní alárenà tó dáńgájíá kì í jẹ iná púpọ̀, kì í sì í da ìdọ̀tí púpọ̀ sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí iná mànàmáná ṣọ̀wọ́n fún ló sì yẹ kó kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́ sí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán nìyí. Ní ọdún 1909, Fritz Haber ní Jámánì fi hàn pé náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ṣeé so pọ̀ mọ́ háídírójìn láti di amóníà. Carl Bosch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ BASF sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá ní Oppau ní ọdún 1913. Irin ni alárenà níbẹ̀, Alwin Mittasch àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sì dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpòpọ̀ wò kí wọ́n tó rí èyí tó yẹ. Ajílẹ̀ yúríà tí ilé iṣẹ́ Dangote ń ṣe ní Lẹ́kkí lónìí, láti inú amóníà irú èyí ló ti ń jáde. Ilé ìfọpo tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá 650,000 lóòjọ́, kò lè sọ epo rọ̀bì di bẹntiróòlù tó péye láìsí kátálíìsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé ìfọpo ìjọba ní Port Harcourt, Wàrí àti Kàdúná rí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí wọn. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń jiyàn lórí iye àgbá àti iye owó jálá epo ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí kátálíìsì ti ń wá àti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìjọba Gàbọ́n ti rí i pé títa ohun àmúṣọrọ̀ ní tútù kò lérè. Ní ọdún 2010, ó fòfin de gbígbé ìtì igi jáde kúrò nílùú, ó sì dá àgbègbè ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nkok, lẹ́yìn ìlú Libreville, kí wọ́n lè máa la igi okoumé àti irú rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Oligui Nguema kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2029, màńgáníìsì náà kò ní máa jáde ní tútù mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ girama tó bá ti ṣe kẹ́mísírì mọ ohun dúdú tí olùkọ́ máa ń bù sínú háídírójìn pẹrọ́sáìdì kí ọ́síjìn lè yára jáde. Èròjà màńgáníìsì ni, kátálíìsì sì ni. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Ìbàdàn ni òkúta Moanda kún fún, tí ọkọ̀ ojú irin ń kó lọ sí Owendo.

Ṣùgbọ́n òfin lè dá ìtì igi dúró ní èbúté, kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń sọ igi di ohun mìíràn. Gúúsù Áfíríkà mọ èyí. Òun ló ní plátínọ́ọ̀mù jù lọ lágbàáyé. Láti bí ọdún 1995 ni ìlànà ìjọba rẹ̀ lórí iṣẹ́ mọ́tò ti fún àwọn ilé iṣẹ́ ní ìwúrí láti máa ṣe àgbá kátálíìsì tó ń fọ èéfín mọ́tò ní ilẹ̀ náà. Ní ọdún 2004, ìjọba kan náà dá ibùdó ìwádìí kátálíìsì tí wọ́n ń pè ní c*change sílẹ̀. Yunifásítì Cape Town ni olú-ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí rẹ̀ wà káàkiri ọ̀pọ̀ yunifásítì, wọ́n ń pín ẹ̀rọ àti akẹ́kọ̀ọ́ lò. Ìlànà ìjọba, ilé iṣẹ́ àti ìwádìí jọ rìn pọ̀. Gàbọ́n ti ní ìlànà, Nàìjíríà ti ní ilé iṣẹ́, àwọn méjèèjì sì ní onímọ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n jọ jókòó.

Ẹni tó bá rò pé wọn kò ní ohun tí wọ́n lè jọ ṣe, kó wo iyẹ̀ pákó tí ayùn ń fà sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onígi Oko-Bàbá ní Èbúté-Mẹ́ta ti ń dáná sun ún létí ọ̀sà, tí èéfín rẹ̀ ń wọ ilé àwọn ará Èkó, títí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi pinnu láti kó wọn lọ sí Agbówà. Bí wọ́n bá kó wọn lọ, iyẹ̀ pákó yóò bá wọn lọ. Nkok náà ń la igi, òun náà ní iyẹ̀ pákó. Káàkiri ayé ni àwọn olùwádìí ti ń lo kátálíìsì láti sọ irú ìdọ̀tí igi bẹ́ẹ̀ di epo àti èròjà tí ilé iṣẹ́ lè lò. Iṣẹ́ náà kò tíì parí, èyí gan-an ló sì fi dára láti bọ́ sínú rẹ̀ báyìí. Igi ilẹ̀ olótùútù ni ọ̀pọ̀ wọn ń dán wò. Ta ni yóò dán okoumé àti ìrókò wò bí kì í bá ṣe àwọn tó ni wọ́n?

Eérú náà wà. Àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú ti mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé eérú èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní agbára tó ń yí epo padà. Nínú ọṣẹ, agbára eérú náà wọ inú ọṣẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá po epo èso mọ́ ọtí líle kan tí wọ́n sì fi irú eérú bẹ́ẹ̀ ṣe alárenà, epo náà yóò di dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ́ńjìnnì lè lò. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti tẹ ìwádìí jáde lórí eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọ̀nà yìí. Ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí ẹfun Kankara ní ìpínlẹ̀ Katsina, láti sọ ọ́ di síólàìtì, irú kátálíìsì tí ilé ìfọpo fi ń já epo tó ki sí wẹ́wẹ́. Gàbọ́n náà ní ilé ìfọpo, ní Port-Gentil. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú, oúnjẹ ojoojúmọ́ ni níbẹ̀. Bí ìwádìí Ifẹ̀ àti Zaria bá dúró sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ nìkan, ẹni tó wà ní Oloumi kò ní jẹ àǹfààní rẹ̀, ẹni tó wà ní Mọ́dákẹ́kẹ́ pàápàá kò ní jẹ ẹ́.

Àjọṣepọ̀ ìwádìí kì í ṣe àlá ní apá ilẹ̀ ayé yìí. Nígbà tí wọ́n ń dán abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà RTS,S wò, ibùdó mọ́kànlá ní orílẹ̀-èdè méje nílẹ̀ Áfíríkà ló jọ ṣe é, Lambaréné ní Gàbọ́n sì wà lára wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìbá dá a ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ náà. Ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ibùdó ìwádìí àrùn tó wà ní Yunifásítì Redeemer's wà lára àwọn tó fìdí àrùn Ebola tó wọ Èkó múlẹ̀ ní 2014. Ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí owó Báńkì Àgbáyé gbé ró lábẹ́ ètò àwọn ibùdó ìmọ̀ tó tayọ nílẹ̀ Áfíríkà. Ohun tó ṣeé ṣe fún àrùn ṣeé ṣe fún epo, ajílẹ̀ àti iyẹ̀ pákó.

Kí ló wá dé tí Èkó àti Libreville kò fi mọ ara wọn? Ní ojú òfuurufú, àárín wọn kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà kan lọ. Àwọn ògiri tí òṣèlú mọ ló wà láàárín wọn. Nàìjíríà wà nínú ECOWAS, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Àbújá. Gàbọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Libreville gan-an. Ètò tí ọ̀kan bá ṣe, èkejì kì í bá a jẹ níbẹ̀. Gàbọ́n wà nínú CAMES, àjọ tó ń yẹ ìmọ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì wò fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Nínú ìpele kìíní ètò Báńkì Àgbáyé tó gbé ibùdó Ẹdẹ dìde, ibùdó mẹ́wàá ni ti Nàìjíríà. Gàbọ́n kò ní ìkankan. Nítorí náà, onímọ̀ kẹ́mísírì tó wà ní Franceville, níbi tí Yunifásítì Masuku wà láti 1986, lè mọ ẹni mẹ́wàá ní ilẹ̀ Faransé kó má mọ ẹnì kan ní Ìbàdàn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ alárenà ti padà wọlé. Ní ọdún 2007, Royal Society of Chemistry ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá àjọṣepọ̀ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì sílẹ̀ fún Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní Pan Africa Chemistry Network, Kẹ́ńyà àti Etiópíà ni ibùdó rẹ̀ àkọ́kọ́. Faransé náà ní àwọn àjọ tirẹ̀ tó ń so àwọn yunifásítì tó ń sọ èdè rẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe, abara-moore-jẹ ni yóò sì fẹnu tẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ni owó ló máa ń yan ìbéèrè. Bí Lọ́ńdọ̀nù bá ń bá Nairobi ṣe tirẹ̀, tí Párìsì ń bá Libreville ṣe tirẹ̀, àwọn aládùúgbò méjì kò ní pàdé àyàfi ní ilé àlejò. Alárenà tó bá ń gbé inú ilé lọ́dún kẹwàá lẹ́yìn ìgbéyàwó, tó ń pinnu ohun tí wọn yóò sè, ti kúrò ní alárenà. Ó ti di olórí ẹbí. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ sì ni nígbà tí ọkọ kò bá mú owó ọbẹ̀ wá.

Owó ọbẹ̀ náà kì í ṣe ohun tuntun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, ní Èkó, àwọn olórí Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ń pè ní Lagos Plan of Action. Lára ohun tí wọ́n ṣe ìlérí rẹ̀ ni pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò máa lọ sí ìwádìí. Ìlú tí wọ́n ti ṣe ìlérí náà wà ní Nàìjíríà, Nàìjíríà kò sì tíì mú un ṣẹ.

Àwọn kan yóò sọ pé yunifásítì tí kò rí iná tàn, tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ fi oṣù mẹ́jọ yanṣẹ́ lódì ní 2022, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa sọ̀rọ̀ àjọṣepọ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àwàdà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n olówó ló lè dá ẹ̀rọ tirẹ̀ rà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú kátálíìsì gbówó lórí, ó sì máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kan bá bàjẹ́. Bí yunifásítì mẹ́fà bá jọ ní ẹ̀rọ méjì tó ń ṣiṣẹ́, ó sàn ju kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀kan tó ti kú lọ. Àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń dá èésú mọ èyí dáadáa: tálákà ni àjọdá wà fún.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé èdè kò bára mu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Benin wà láàárín. Ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Sábẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá wà tí wọ́n fi Faransé kàwé, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá bá ìyá wọn sọ̀rọ̀. Benin wà nínú CAMES pẹ̀lú Gàbọ́n, ó sì wà nínú ECOWAS pẹ̀lú Nàìjíríà. Bí alárenà kan bá wà tí kò ní jìnnà sílé, tí yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kó yẹ̀bá, òun nìyẹn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò nílò ìpàdé ńlá ní hòtẹ́ẹ̀lì. Lákọ̀ọ́kọ́, kí TETFund, tí owó orí ilé iṣẹ́ ń bọ́, ya ìpín kékeré kan sọ́tọ̀ fún ìwádìí tí yunifásítì Nàìjíríà kan bá jọ ṣe pẹ̀lú èyí tó wà ní Gàbọ́n àti Benin, kí ìjọba Gàbọ́n náà fi tirẹ̀ sí i, bó ti wù kó kéré mọ. Ìkejì, kí àwọn iléeṣẹ́ aṣọ́bodè jẹ́ kí àpẹẹrẹ òkúta, eérú àti ẹfun tó ń lọ láti yàrá ìwádìí kan sí èkejì kọjá láìsan owó orí. Ìkẹta, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwé ọ̀mọ̀wé lè lo oṣù mẹ́fà ní yunifásítì kejì, kí físà má sì di ìdènà. Ìkẹrin, kí wọ́n yan ìbéèrè mẹ́ta péré láti fi bẹ̀rẹ̀: iyẹ̀ pákó, eérú àti màńgáníìsì. Kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ sì máa béèrè lọ́dọọdún ohun tí wọ́n rí, kì í ṣe iye ìpàdé tí wọ́n ṣe.

Ọdún 2029 kò jìnnà. Ní ọjọ́ tí òfin màńgáníìsì bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹnì kan yóò wá kọ́ àwọn ará Gàbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di bátìrì, kátálíìsì àti irin líle. Ó lè jẹ́ ilé iṣẹ́ kan láti Éṣíà tàbí láti Yúróòpù, tí yóò kó ìmọ̀ rẹ̀ wá tí yóò sì tún kó o lọ. Ó sì lè jẹ́ pé díẹ̀ nínú àwọn tí yóò wà nínú yàrá náà yóò ti Ifẹ̀, Zaria tàbí Calavi wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tó bá wọ Oloumi lọ́jọ́ iwájú kò ní jẹ́ ẹni tó wá tún fóònù ṣe nìkan. Yóò jẹ́ ẹni tí ilẹ̀ náà ránṣẹ́ pè, ó sì máa ń ṣòro púpọ̀ láti lé ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.